Àpótí Mẹ́jọ fún Ìrẹ̀

Àwọn tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń pè é ní káfíńtà yunifásítì, bí ẹni pé tábìlì àti àga ọmọ iléèwé nìkan ló ń kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí bó ṣe yẹ, ẹ gba ẹ̀yìn ilé alájà mẹ́ta tí àwọn olùwádìí wà. Ẹ ó rí ilé kékeré kan tí wọ́n fi páànù bò, tí ìyẹ̀fun pákó kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Kòmì ni gbogbo ilé náà ń pè é. Òun kọ́ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kan tábìlì tán, á bu omi kún ife dé etí, á gbé e lé tábìlì náà, á wá fi ìbàdí ta á. Bí omi bá dà, á tú tábìlì náà palẹ̀, ì báà ṣe pé ẹni tó ni ín ń bẹ̀ ẹ́ pé ó ti tó. Bí kò bá dà, á wo ojú ẹni náà, á ní, "Kò mì." Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ.

Kò kàwé kọjá girama. Síbẹ̀ ó mọ ohun tí wọ́n ń wádìí ní yàrá kọ̀ọ̀kan ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wádìí náà lọ, nítorí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà mọ ohun tí ẹni tó wà lókè ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wá sọ́dọ̀ káfíńtà. Òun ló kan dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n to labalábá gbígbẹ sí nísàlẹ̀. Òun ló kan àga kékeré fún obìnrin tó ń wádìí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀. Òun ló kan tábìlì onígẹ̀ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ lẹ́tà àtijọ́ lé, kí bébà má baà ṣẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tó ń wádìí ìdí tí inú fi ń bí àwọn tó wà lórí ìlà. Ó ní kí Kòmì kan káńtà kan fún òun tí ẹnikẹ́ni kò ní dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kòmì kàn án. Ó ní wọn ò tíì gbé e sílẹ̀ tán tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn èèyàn. Lórí òrùlé, òun ló kan pèpéle tí awò ńlá dúró lé, èyí tí Ìyá Oníràwọ̀ fi ń wo ìràwọ̀ kan ṣoṣo láti ọdún mọ́kànlá.

"Ìràwọ̀ kan ṣoṣo?" Kòmì bi í nígbà náà.

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Ṣé àwọn yòókù ṣẹ̀ yín ni?"

Bó bá délé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ayé tí wọ́n ní ó fẹ̀ yìí, ilé alájà mẹ́ta péré ló gbà á."

Ó ní òfin kan tí kò kọ sára ògiri. Igi kankan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi oògùn ikán pa á lára. Ní ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀, ikán wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kàn, wọ́n jẹ ìwé tó wà nínú rẹ̀ kan ẹ̀yìn. Ó dun ún wọra. Láti ìgbà náà, oògùn yìí ló máa ń fi parí iṣẹ́, inú, ìta, abẹ́, pàápàá jù lọ ojú ibi tí igi méjì ti pàdé. Oògùn náà mọ́ bí omi, òórùn rẹ̀ kì í sì í ju ọjọ́ méjì lọ. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi sí i. Ta ni alágbàfọ̀ tó ń sọ fún aláṣọ pé òun fi omi sí aṣọ?

Ọmọbìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń wádìí ìrẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ìrẹ̀ ni Kòmì ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹ̀ lè dàgbà bí wọ́n bá ń fi ewé gbígbẹ bọ́ ọ, dípò oúnjẹ lílọ̀ tí wọ́n ń rà. Létí ẹni tí kò mọ̀, ìbéèrè kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń sin ìrẹ̀ láti fi bọ́ ẹja àti adìẹ. Bí ewé bá ṣiṣẹ́, abẹ́ igi ni wọ́n á ti máa ṣa oúnjẹ rẹ̀. Ó ti lo ọdún méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ń gbẹ ewé, ó ń wọn ewé, ó ń ka ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ìrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń sọ pé kó yára.

Ó mú bébà kan wá fún Kòmì: àpótí mẹ́jọ, ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ogójì ní ìbú, ọgbọ̀n ní gíga, àwọ̀n wáyà lókè, ilẹ̀kùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wà nínú bébà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòmì kàn án, ó fá a títí ó fi ń dán, ó fi oògùn pa á bó ṣe máa ń ṣe, ó sá a, ó sì gbé e wọlé fún un.

"Bàbá, àpótí yìí mà dára ju ilé tí mò ń gbé lọ!"

"Sọ fún àwọn ayálégbé ẹ kí wọ́n má kan ìṣó mọ́ ògiri mi o."

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìrẹ̀ tó ń jẹ oúnjẹ lílọ̀ ti wà nínú abọ́ ike tẹ́lẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ewé ló kó sínú àpótí tuntun. Igba ni wọ́n, márùndínlọ́gbọ̀n nínú àpótí kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ránṣẹ́ pe Kòmì pé dúrọ́ọ̀ kan há. Nígbà tó wọlé, ọmọbìnrin náà jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

"Ìyá Ìrẹ̀, kí ló dé tí ojú rọ báyìí?"

"Ẹ má pè mí ní Ìyá Ìrẹ̀ mọ́, Bàbá. Àwọn ọmọ ti kú."

"Ta ló kú?"

"Nínú igba, mẹ́sàn-án ló kù. Àwọn tó wà nínú ike ń fò sókè sódò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ewé yẹn ni. Ewé yẹn ń pa wọ́n." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wa wò. Màá sọ fún wọn pé májèlé ni ewé fún ìrẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ wá nǹkan mìíràn wádìí. Ọdún méjì, Bàbá."

Ọwọ́ Kòmì wà lórí ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà. Ó bojú wo inú rẹ̀. Ewé wà láàárín, àwọn ìrẹ̀ kò sì kú sídìí ewé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n kú sí, ní àwọn kọ̀rọ̀, níbi tí igi méjì ti pàdé. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, òun ló fi sí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àpótí náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Mo gbàgbé sikirudiráfà sílé iṣẹ́," ló sọ. "Mò ń bọ̀."

Sikirudiráfà wà lápò rẹ̀. Kò padà lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n lé e níṣẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú un ni pé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ padà wá bá a rí. Ohun tó wá burú jù ni pé kì í ṣe ìwà àìbìkítà ló fa èyí. Ká ní ó ya ọ̀lẹ díẹ̀ ni, ká ní ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìparí, ìrẹ̀ igba ì bá wà láàyè. Ohun tó fi ń yangàn jù lọ ló pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, ó lọ sí àjà kejì láti tún ilẹ̀kùn kan ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà ń wádìí ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe àti ohun tí kò yẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ó-yẹ-kò-yẹ, lẹ́yìn rẹ̀. Kòmì fá etí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ó tún fá a.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan."

"Ẹ béèrè, Bàbá Kòmì. Nítorí ìbéèrè ni wọ́n ṣe gbà mí síbí."

"Àna mi kan ló ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan. Ó ṣe é dáadáa. Dáadáa tó ṣe é yẹn ló wá ba nǹkan ẹni náà jẹ́. Ẹni náà ò sì mọ̀. Ṣé àna mi jẹ̀bi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bíi tọmọ tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. "Ṣé ó mọ̀ nígbà tó ń ṣe é?"

"Kò mọ̀."

"Ṣé ó yẹ kó ti mọ̀?"

"Ohun tí mò ń bi yín gan-an nìyẹn."

"Ibẹ̀ niṣẹ́ wà! Àwọn kan ní àìmọ̀ a máa gbani lọ́wọ́ ẹ̀bi. Àwọn mìíràn ní rárá o, pé àìmọ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀bi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ìwé lé e lórí."

"Ọdún kẹsàn-án! Ibo lẹ kọ ọ́ dé?"

"Orí kẹrin."

"Àna mi ò lè dúró de orí karùn-ún o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó wá fi awò ojú rẹ̀ padà. "Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀bi sílẹ̀ ná. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ yẹn, ṣé irọ́ ló máa gbà gbọ́ bí àna yín bá dákẹ́?"

Kòmì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó tún tì í. Kò há mọ́. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì ni wọ́n ti jọ wà, àwọn ọmọ ti dàgbà tán, wọ́n sì ti lọ sílé wọn, nítorí náà kò sí ohun tó lè pamọ́ nínú yàrá méjì tí wọ́n kù sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wo àwo oúnjẹ ọkọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Dádì, ṣé iyọ̀ ni kò sí nínú oúnjẹ yìí ni, àbí ẹ̀yin ni kò sí níbí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá sí i, bó ṣe máa ń gbọ́ aláìsàn.

"Ṣé ó dá yín lójú pé oògùn yẹn ni?"

"Ó dá mi lójú."

"Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń pa wọ́n?"

"Mi ò rí i, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kú sí jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Níbi iṣẹ́ wa, 'ó jọ bẹ́ẹ̀' kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bí ẹ bá lọ bá ọmọ ọlọ́mọ, tí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́ran, tó sì wá jẹ́ pé ewé náà ni, ṣé ẹ ò tún ti ṣì í lọ́nà lẹ́ẹ̀kejì?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ta ni káfíńtà láàárín àwa méjèèjì?"

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni obìnrin náà sọ, n kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí a sọ ọ́ pé inú Kòmì dùn díẹ̀ pé ó rí ìdí tí kò fi ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Èèyàn lè máa wá òótọ́ kí ó sì tún máa sá fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gé pákó kan ṣoṣo sí méjì, ó sì fi kan àpótí kékeré méjì tí kò yàtọ̀ síra. Ó fi oògùn pa ọ̀kan. Kò fi sí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un bó ṣe ń gbé e sílẹ̀ ní ìhòhò bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tọkọtaya náà kúnlẹ̀ nínú koríko tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wá ìrẹ̀. Aládùúgbò kan yọ orí lójú fèrèsé.

"Ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

"A ò sọ nǹkan kan nù," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Àlejò la ń kó."

Ìrẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n rí mú. Ọkùnrin náà ti dàgbà ju ẹni tí í fò bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, orúnkún rẹ̀ sì ń dún. Ìyàwó rẹ̀ ló mú márùn-ún nínú wọn. Mẹ́rin wọ àpótí olóògùn, mẹ́rin wọ àpótí aláìlóògùn. Koríko kan náà ni wọ́n fún wọn, láti ojú kan náà. Wọ́n gbé àpótí méjèèjì sórí ṣẹ́ẹ̀fù kan náà nínú pálọ̀. Kòmì mú pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sí igi, ó kọ ọjọ́ àti aago sára pákó kékeré kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, méjì ti kú nínú èyí tó ní oògùn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Nínú àpótí kejì, mẹ́ta wà láàyè. Ìkẹrin ti sá lọ nígbà tí Kòmì ń ṣílẹ̀kùn láti fún wọn ní koríko, ó sì ti lọ fìdí kalẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì, ó ń han gooro.

"Nínú gbogbo wa tó wà nílé yìí," ni nọ́ọ̀sì sọ, "ìyẹn ló gbọ́n jù."

Kòmì kọ ọ́ sára pákó: *Mẹ́ta wà. Ọ̀kan sá.*

Lárọ̀ọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé àpótí méjèèjì àti pákó náà, ó lọ bá ọmọbìnrin náà. Ó bá a níbi tó ti ń kọ ohun tó máa kà níwájú ìgbìmọ̀. Kòmì kò jókòó.

"Ewé kọ́ ló pa wọ́n. Èmi ni."

Ọmọbìnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé ẹ̀rín rẹ̀ dá wà. Kòmì ṣàlàyé oògùn ikán fún un. Ó fi kọ̀rọ̀ àpótí hàn án. Ó fi àwọn òkú mẹ́rin hàn án, ó fi àwọn alààyè mẹ́ta hàn án, ó sì sọ ti èyí tó wà lẹ́yìn fíríìjì, kò fi í pamọ́.

Ọmọbìnrin náà ti ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nígbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Mo fura lọ́jọ́ tí o pè mí."

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Bàbá! Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sunkún lórí ewé tí kò ṣẹ̀ mí! Mo ti sọ àpò ewé méjì nù! Ẹ ń kọjá níwájú fèrèsé mi, ẹ ń kí mi pẹ̀lẹ́, ẹ sì mọ̀!"

"Mo mọ̀. Máà bínú, ọmọ mi. Ojú ló tì mí."

Ọmọbìnrin náà dìde, ó lọ dúró sẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tó padà, ó mú pákó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mẹ́rin mẹ́rin kéré púpọ̀. Ẹ ò lè fi mẹ́rin sọ nǹkan kan."

"Mélòó ló yẹ?"

"Ó kéré tán, ogún ogún." Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó wà lára pákó. "Pákó kan náà lẹ gé sí méjì?"

"Pákó kan náà."

"Koríko kan náà? Ojú kan náà lẹ gbé wọn sí?"

"Báwo ni n ṣe máa mọ̀ pé oògùn ni, bí mo bá tún jẹ́ kí nǹkan mìíràn yàtọ̀?"

Ọmọbìnrin náà fi pákó bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Kòmì rò pé ẹkún ló ń sun, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù. Àṣé ẹ̀rín ni.

"Èmi ni mo yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá. Mo yí oúnjẹ padà, mo yí ilé padà, mo wá di ẹ̀bi ru ewé. Ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ń kọ́ wa pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́, á fi etí mi gbẹ́ ìlù."

"Àwa méjèèjì ló máa fà létí," ni Kòmì sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ìgboyà. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi dákẹ́, ọ̀sẹ̀ kan yẹn kò sì ṣeé gbá kúrò bí ìyẹ̀fun pákó. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ti ara rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀: ọ̀gá ọmọbìnrin náà, Ìyá Oníràwọ̀ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ó-yẹ-kò-yẹ. Ọmọbìnrin náà ní kí Kòmì jókòó sẹ́yìn. Kòmì wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ bó bá ń lọ ṣèbẹ̀wò sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde, ó ní òun kò ní àbájáde kankan láti sọ, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò, títí kan àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lejú koko. Ó yí sí Kòmì.

"Ta ló ní kí ẹ fi oògùn sí i? Kò sí nínú bébà."

Kòmì dìde. "Kò sí, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n máa ń bẹ dókítà kó tó fọwọ́?"

Ìyá Oníràwọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì bá a dá sí i. Ó ní, "Ẹ má bínú sí wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni àwa fi yọ̀ lórí òrùlé pé a rí nǹkan tuntun nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wa. Òwú aláǹtakùn ni, ó ta á sójú awò. A ti kọ̀wé sí gbogbo ayé kí a tó nù ún kúrò, a sì tún kọ̀wé pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n má bínú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ó-yẹ-kò-yẹ ti ń wo Kòmì láti ìbẹ̀rẹ̀. "Bàbá Kòmì," ló sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "àna yín ńkọ́?"

"Ó wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n fún ọmọbìnrin náà ní oṣù márùn-ún sí i. Kòmì kan àpótí mẹ́jọ mìíràn, kò fi oògùn sí èyíkéyìí nínú wọn. Àpótí mẹ́rin gba àwọn tó ń jẹ ewé, mẹ́rin gba àwọn tó ń jẹ oúnjẹ lílọ̀. Láàárín oṣù márùn-ún náà, ìbéèrè tuntun kan wọ ẹnu Kòmì, ì báà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló mú bébà wá, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́: "Kí ló máa gbé inú rẹ̀?" Ẹni tó ń wádìí ìlà kò mọ bó ṣe máa dáhùn. Ó ní òun á lọ rò ó.

Ewé kò pa ìrẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹ́ dàgbà bíi ti àwọn yòókù gẹ́lẹ́, àfi pé wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà pẹ́ ju àwọn yẹn lọ. Ọjọ́ mẹ́fà! Ọmọbìnrin náà sá wá sílé iṣẹ́ láti sọ ọ́, ó ń mí hẹlẹ. Kòmì ní ọjọ́ mẹ́fà kò tó nǹkan, pé ọmọ tòun kejì fi oṣù mẹ́fà pẹ́ kó tó rìn, ó sì ti di awakọ̀ báyìí.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń kọ ìwé ìwádìí rẹ̀, ó mú ojú ewé kan wá fún Kòmì, ibi tó ti ṣàlàyé àwọn àpótí náà, kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kòmì nu ọwọ́, ó fi awò sójú, ó gbé bébà náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

"O ní 'pákó gbígbẹ'. Báwo ló ṣe gbẹ tó?"

"Ó ṣáà gbẹ, Bàbá."

"Igi kì í ṣáà gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ òrùlé. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni gíga rẹ̀?"

"Ohun tí mo kọ fún yín nìyẹn!"

"Ohun tí o kọ nìyẹn. Ohun tí mo kàn jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, nítorí àwọ̀n wáyà náà gbàyè. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kan irú rẹ̀ lẹ́yìn wa ńkọ́? Ṣé kó máa wá ààbọ̀ kiri ni?"

Ó fa igi sí ọgbọ̀n, ó kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀. Kòmì ka ìyókù, ètè rẹ̀ ń mì. Gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ìṣó wà níbẹ̀, iye rẹ̀ sì pé.

"Ó ku ohun kan. Kọ ohun tí kò sí lára rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó tẹ̀ síwájú, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀, ó ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: "Káfíńtà kò fi oògùn kankan sí igi náà, nínú tàbí níta."

"Àti ní ojú ibi tí igi méjì ti pàdé," ni Kòmì sọ.

Ó fi kún un. Kòmì ní kó kà á látòkè délẹ̀ kí òun fetí gbọ́ ọ. Ó kà á. Kòmì ní kò burú, pé kó rọra gbé bébà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, òun fẹ́ fi ayùn gé igi.